Másítà oníwàádìí nínú sáyẹ́ǹsì ohun abẹ̀mí: Nàìjíríà, Ìlú Ọba, Jámánì tàbí Kánádà?

Bí èèyàn bá ti gboyè jáde nínú bàyókẹ́mísìrì, màíkíróbáyọ́lọ́jì, sùọ́lọ́jì tàbí bọ́tánì, tó sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ilé máa ń bi í ni pé, "Orílẹ̀-èdè wo lò ń lọ?" Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Méjì ló yẹ kó ṣáájú: oṣù mélòó ni wọ́n máa fi jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣiṣẹ́ nínú láàbù, ta ló sì máa ra kẹ́míkà tí mo máa lò? Ibi tí ìdáhùn méjèèjì bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn, ìbáà ṣe Ẹdẹ nílé, ìbáà ṣe Göttingen ní Jámánì, ibẹ̀ ni kó o máa wò.

Ọ̀rọ̀ másítà oníwàádìí ni mò ń sọ o, ìyẹn èyí tó jẹ́ pé ìwádìí ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ, tí wàá kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, tí wàá sì dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò láti gbèjà rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe PhD tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wúlò fún. Ẹni tó kàn ń wá ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa fi gbé e ga níbi iṣẹ́, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, másítà oníkíláàsì tó fún un.

Oṣù mélòó nídìí iṣẹ́?

Ìlú Ọba ni orúkọ ti ń tan èèyàn jẹ jù. Kírẹ́dìtì 180 ni másítà wọn, ọdún kan ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní MSc lásán, kíláàsì ló kún inú rẹ̀. Kírẹ́dìtì 60 ló sábà máa ń jẹ́ ti ìwádìí, ìyẹn bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Oṣù mẹ́ta nínú láàbù kò tó nǹkan rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì á lọ sórí ẹ̀kọ́ nípa ààbò àti mímọ ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí. Oṣù kan á kọjá tí ohun tó ò ń dán wò ò ní ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ó ti tó àkókò kó o lọ kọ àbọ̀ rẹ. MRes, ìyẹn Master of Research, yàtọ̀ sí èyí. Ìwádìí ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wàá lò tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án nínú láàbù, àwọn ilé ẹ̀kọ́ míì sì máa ń pín in sí iṣẹ́ méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá méjì. MSc by Research tún wà, tí kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀. Má gbára lé orúkọ. Wá ibi tí wọ́n kọ kírẹ́dìtì sí, kó o wo iye tó jẹ́ ti ìwádìí nínú 180 yẹn.

Ọdún méjì ni ti Jámánì, ECTS 120, ìyẹn kírẹ́dìtì ti Yúróòpù. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ gba 30 nínú rẹ̀, oṣù mẹ́fà sì ni. Ẹni tó bá sáré kà á lè rò pé kò ju ti MRes lọ. Ṣùgbọ́n kó o tó dé orí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, wọ́n á ti rán ọ lọ sí láàbù méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó o bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sún mọ́ ọdún kan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò yìí ni pé wàá ti rí ìwà àwọn ọ̀gá kó o tó yan ọ̀kan: wàá mọ èyí tó máa ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́, wàá mọ èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò láàbù nìkan lèèyàn máa ń rí i. Ní Göttingen, ètò Molecular Biology tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí Max Planck àti fásitì jọ ń ṣe tilẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún àkọ́kọ́ le bí ojú ẹja. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò lè bọ́ sínú PhD tààrà láìkọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ másítà. Àwọn tó kù á fi oṣù mẹ́fà kọ tiwọn, wọ́n á sì gba MSc lóṣù 18.

Kánádà ló fún èèyàn ní àkókò tó gùn jù. Ọdún méjì ni, kọ́ọ̀sì tó máa ṣe kò pọ̀, láàbù ni gbogbo ìyókù. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń fà sí ọdún kẹta bí iṣẹ́ ò bá jáde bí ọ̀gá ṣe fẹ́.

Nàìjíríà ńkọ́? Lórí ìwé, ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀: kọ́ọ̀sì ní sẹ̀mẹ́sítà méjì, ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀. Lójú ayé, kó o fi ti ASUU kún un. Lọ́dún 2020, ìyanṣẹ́lódì wọn gba oṣù mẹ́sàn-án. Lọ́dún 2022, February 14 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, October 14 ni wọ́n tó dá a dúró. Ẹni tó bá wà nílé ẹ̀kọ́ aládàáni bọ́ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ iná.

Ọ̀rọ̀ iná yìí, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ láàbù rí lè má mọ bó ṣe rí. Ká sọ pé ò ń wá jíìnì tó ń jẹ́ kí bakitéríà inú ìgbẹ́ adìẹ má gbọ́ oògùn mọ́. PCR, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ ègé DNA kan di ọ̀pọ̀, lo máa fi wá a. Ẹ̀rọ náà á gbóná dé nǹkan bí 95°C kí okùn DNA méjèèjì lè tú kúrò lára ara wọn, á tutù sí nǹkan bí 55 kí primer, ìyẹn ègé DNA kékeré tó ń fi ibi ìbẹ̀rẹ̀ hàn, lè lẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ, á tún gùn dé 72 kí enzyme lè kọ okùn tuntun. Ìgbà 30 sí 35 ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè gba wákàtí méjì. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní ìyípo ogún, tí inverter ò sì sí, ohun tó wà nínú àwọn ọpọ́n kéékèèké yẹn ti dòfo. Enzyme tó kù nínú fíríìsà tó yẹ kó máa wà ní −20°C náà ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí èèyàn bi láàbù ní Nàìjíríà ni pé: ta ló ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀, aago mélòó ni wọ́n sì ń pa á lálẹ́?

Síbẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kò sí láàbù gidi nílé. Ní Redeemer's University, Ẹdẹ, ibùdó ìwádìí jíìnì àwọn àrùn tó ń ranni, tí wọ́n dá sílẹ̀ lórúkọ ACEGID, wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ló wọ Èkó lọ́dún 2014. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ka gbogbo jíìnì kòrónà àkọ́kọ́ tí wọ́n kà nílẹ̀ Áfíríkà, ní March 2020. Ní Ìbàdàn, IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti wà láti ọdún 1967. Èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ ní fásitì, kó lọ ṣe ìwádìí rẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ sáyẹ́ńtíìsì wọn, lórí ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. IITA wà lára àwọn tó jọ ṣe Aflasafe, olú kan tí kò ní májèlé, tí wọ́n ń fọ́n sóko àgbàdo kó lè lé olú tó ní májèlé kúrò níbẹ̀. Bí o bá ráyè síbi tó rí báyìí, oṣù mẹ́fà rẹ lè níye lórí ju ọdún kan nílùú òyìnbó lọ. Ohun tí ò ń wádìí ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ibà Lassa, kí ló ń wá ní Glasgow nígbà tí aláìsàn rẹ̀ wà ní Ọ̀wọ̀?

Ta ló ń sanwó?

Owó ilé-ìwé Nàìjíríà ló rọjú jù, àmọ́ ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fapò ara rẹ̀ ra ohun èlò jù. Primer, Taq (enzyme tí wọ́n ń lò fún PCR), agarose (èyí tí wọ́n fi ń wo DNA), ohun èlò tí wọ́n fi ń yọ DNA, títí kan ìbọ̀wọ́, ìwọ lo máa rà á. Dọ́là ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo rẹ̀, nítorí náà bí náírà bá wálẹ̀ lóru, iye tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ máa náni ti lọ sókè kílẹ̀ tó mọ́. Ó rọrùn díẹ̀ báyìí tí Inqaba Biotec wà n'Ìbàdàn, nítorí èèyàn lè ṣe primer, kó sì ka DNA láìfi ẹrù ránṣẹ́ sí òkè òkun fúnra rẹ̀. Kó o tó fọwọ́ sí àkòrí ìwádìí kankan, ṣírò iye tó máa ná ọ, kó o sì gbé e síwájú ọ̀gá rẹ. Àkòrí tó rẹwà tí kò sówó rẹ̀ ló ń sọ másítà ọdún kan ààbọ̀ di ọdún mẹ́rin.

Owó ilé-ìwé Ìlú Ọba fún àjèjì tó ń ṣe iṣẹ́ láàbù, £25,000 sí £35,000 wọ́pọ̀ láwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá. Wọ́n ń gba £776 lọ́dún fún ìlera, tí yóò di £1,164 fún kọ́ọ̀sì ọlóṣù 12 nítorí físà rẹ á ju ọdún kan lọ. Àwọn kan tún máa ń gba bench fee, ìyẹn owó ohun èlò láàbù, fún MRes, tí kì í hàn ní ojú ewé àkọ́kọ́. Béèrè rẹ̀ ní tààrà. Ní ti sikọ́láṣíìpù, Commonwealth wà, Chevening sì wà. Chevening fẹ́ ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, wọ́n á sì ní kó o padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Èrò tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí másítà ọdún kan nínú báyọ́lọ́jì. Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ kì í tètè dá irú owó bẹ́ẹ̀ padà.

Jámánì: ọ̀pọ̀ fásitì ìjọba wọn kì í gba owó ilé-ìwé, àfi owó sẹ̀mẹ́sítà tí kò pọ̀. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, níbi tí Heidelberg, Freiburg àti Tübingen wà, ń gba €1,500 ní sẹ̀mẹ́sítà kan lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ará Yúróòpù. TUM ní Munich náà ti ń gbowó lọ́wọ́ wọn láti ọdún 2024. Ohun tó ń le fún ọmọ Nàìjíríà ni àkáǹtì títìpa (blocked account), €11,904. Kì í ṣe owó ilé-ìwé o, owó rẹ ni. Bó o bá débẹ̀, wọ́n á máa fún ọ ní €992 lóṣooṣù láti fi jẹun, láti fi sanwó ilé. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó o tó gba físà. Sikọ́láṣíìpù DAAD, àjọ Jámánì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì lọ́wọ́, ló sábà máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Láàbù ló ń ra kẹ́míkà, ìwọ ò ní ra ìbọ̀wọ́ kan. Òfin sì gbà ọ́ láàyè láti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 140 gbáko lọ́dún. Bó o bá rí ti HiWi, ìyẹn iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú láàbù, ó dára ju ṣíṣa ẹrù ní wèáháòsì lóru lọ.

Kánádà ni wọ́n ti ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe másítà. Nínú owó ìwádìí ọ̀gá rẹ ló ti ń jáde, wọ́n sì lè fi iṣẹ́ ìkọ́ni díẹ̀ kún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni pé owó ilé-ìwé ṣì wà níbẹ̀, nínú owó oṣù yẹn náà lo sì ti máa san án. Bí lẹ́tà bá ti dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni: ṣé iye yìí jẹ́ ṣáájú owó ilé-ìwé ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹni tó ní First Class tàbí Second Class Upper tó lágbára, tó sì mọ̀ pé PhD lòun ń lọ, kó yẹ Amẹ́ríkà wò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ètò PhD wọn nínú báyọ́lọ́jì ń gba ẹni tó ní BSc nìkan, wọ́n á sì máa fún un lówó oṣù. Lọ́dún 2025, owó ìwádìí láti ọwọ́ ìjọba mì níbẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan sì dín iye tí wọ́n ń gbà kù. Òfin físà wọn náà ń yí lemọ́lemọ́, nítorí náà kó kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà ní físà akẹ́kọ̀ọ́ lásìkò yẹn.

Ta ló ń gbà ọ́ wọlé?

Ní Ìlú Ọba, ọ́fíìsì ló ń wo ìwé rẹ. Wọ́n fẹ́ Second Class Upper ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn kan ń gba Lower, púpọ̀ nínú wọn sì ń gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC dípò IELTS. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tó ní HND máa ṣe PGD ná.

Jámánì máa ń yí máàkì padà. Mú 5.0, yọ CGPA rẹ kúrò nínú rẹ̀. Pín èyí tó kù pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín 5.0 àti máàkì tó kéré jù téèyàn lè fi gboyè, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kó o fi 1 kún un. Níbẹ̀, 1.0 ló dára jù, ọ̀pọ̀ ètò sì fẹ́ 2.5 tàbí èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní 3.8, tí máàkì tó kéré jù nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ 1.0, á gba 1.9. Wá wo ẹni tó ní 3.2, Second Class Lower tí gbogbo ayé ń ṣàánú: á gba 2.35, ó wọlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi 1.5 ṣe máàkì tó kéré jù, 3.2 kan náà á di 2.54, ó ti bọ́ síta. Nítorí náà, lọ bá rẹ́jísítìrà kí wọ́n kọ máàkì tó kéré jù náà sórí transcript rẹ ketekete. Iṣẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn, ó sì lè pinnu ibi tó o máa wà fún ọdún méjì.

Kánádà ló yàtọ̀ pátápátá. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ò bá ti sọ pé òun fẹ́ ọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ò ní dá ọ lóhùn. Ìmeèlì lo sì máa fi bá a sọ̀rọ̀. Ìkíni gígùn tí wọ́n fi tọ́ wa kì í ràn níbẹ̀, àdúrà náà kì í ràn. Gbólóhùn àkọ́kọ́, sọ nǹkan kan pàtó tó o rí nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde láìpẹ́ àti ìbéèrè tó mú wá sí ọ lọ́kàn. Èkejì, ohun tọ́wọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ṣe: "mo ti yọ DNA lára ewé ẹ̀gẹ́, mo ti ṣe PCR, mo lè fi R ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà." Ẹ̀kẹta, ṣé àyè àti owó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ ní September tó ń bọ̀? Kó o fi CV àti transcript sí i, ó tán. Kó o sì wò ó dáadáa bóyá obìnrin ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà kó o tó kọ "Sir". Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò fèsì, rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kó o kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ọkọ, aya, ọmọ, àti lẹ́yìn ẹ̀kọ́

Ibí yìí ni MRes àti MSc lásán ti yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Láti January 1, 2024, ẹni tó ń ṣe másítà oníkíláàsì ní Ìlú Ọba ò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹni tó ń ṣe oyè oníwàádìí, níbi tí ìwádìí ti pọ̀ ju kíláàsì lọ, ṣì lè mú wọn. Ìyẹn ni MRes fi di ohun tí àwọn tó ti lóbìnrin nílé ń sáré sí, títí kan àwọn tí kò fẹ́ràn láàbù rárá. Má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́nu iṣẹ́ tó ò fẹ́ràn gùn. Bó o bá sì fẹ́ ẹ lóòótọ́, bi ilé ẹ̀kọ́ náà nínú ìmeèlì bóyá wọ́n kà á sí oyè oníwàádìí fún ọ̀rọ̀ físà, kó o tọ́jú èsì wọn.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, Ìlú Ọba fún èèyàn ní ọdún méjì láti wáṣẹ́. Wọ́n ti kéde pé ẹni tó bá béèrè láti January 1, 2027 máa gba oṣù 18. Oṣù 18 náà ni ti Jámánì, ṣùgbọ́n láìgbọ́ èdè wọn, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ á ṣòro díẹ̀, PhD á rọrùn jù. Kánádà ń fún ẹni tó gba másítà ní ọdún mẹ́ta. Ní Nàìjíríà, ohun tó yẹ kó o máa wò ni kí máàkì másítà rẹ tó ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún: ní fásitì Ìbàdàn, òun ló ń ṣílẹ̀kùn PhD. Kó o sì rí i pé MSc gidi lo forúkọ sí, kì í ṣe másítà ti àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì (professional master's).

Ta ni kó lọ síbo?

Ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ àmọ́ tí máàkì rẹ̀ dára, Kánádà tàbí Jámánì pẹ̀lú DAAD. Ẹni tí kò tíì mọ apá tó fẹ́ràn nínú báyọ́lọ́jì, Jámánì, nítorí àwọn láàbù tí wọ́n máa rán an lọ. Ẹni tó ti rí sikọ́láṣíìpù, tó sì fẹ́ tètè ṣe é tán, MRes. Ẹni tó bá rí ọ̀gá gidi ní IITA, ní Ẹdẹ tàbí ní NIMR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yábàá, kó dúró síbẹ̀, kó ṣe PhD lókè òkun. Ẹni tó bá ti ní àbọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ jáde lọ́wọ́, ojú ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹni tí wọ́n kàn ń lé kúrò nílé kó lè sọ pé òun jápa, kó jọ̀ọ́, kó fi ààyè láàbù sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ní ti àkókò, bí September ọdún tó ń bọ̀ lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, September ọdún yìí ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìmeèlì sí Kánádà, nítorí December sí January ni ọ̀pọ̀ wọn ń ti ìforúkọsílẹ̀. Àwọn ètò Jámánì tí wọ́n ń dìje wọ̀, bíi ti Göttingen, January náà ni. Àwọn tó kù lè dúró dé July, ṣùgbọ́n ìlà físà wọn ní Èkó gùn. Ìlú Ọba ń gbà títí, àmọ́ sikọ́láṣíìpù wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ní October tàbí ìbẹ̀rẹ̀ November ni Commonwealth àti Chevening sábà máa ń ti ilẹ̀kùn. Transcript lo máa kọ́kọ́ béèrè, kó o tó ṣe ohunkóhun nínú gbogbo èyí. Lọ fúnra rẹ, bá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, gba nọ́ńbà rẹ̀, kó o sì máa pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi máa jáde.